Ẹja Tí A Kì Í Jẹ Nílé Wa

"Ìgbà wo lẹ máa jẹ ẹ́?"

Ìbéèrè tí àwọn àlejò kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn bí wọ́n bá ti wọ pálọ̀ wa ní Ṣakí, tí wọ́n rí àpótí dígí tó jókòó síbi tí tẹlifíṣọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Wọn kì í tíì kí mi tán. Ẹlòmíràn ò tíì bọ́ bàtà. Wọ́n á tẹjú mọ́ àwọn ẹja rọ̀bọ̀tọ̀ inú omi náà, wọ́n á gbé itọ́ mì, wọ́n á wá bi mí léèrè ọjọ́ tí ata máa délẹ̀. Màá ní a kì í jẹ ẹ́. Wọ́n á ní, "Àá, títà lẹ fẹ́ tà á?" Màá ní a kì í tà á. Ìgbà náà ni wọ́n á wá máa wò mí tàánútàánú, bí ẹni tó fẹ́ béèrè bóyá ara ẹnìkan ò yá nínú ilé yìí.

Ara ẹnìkan ò yá lóòótọ́. Ọkọ mi ni.

Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Iṣu Àgọ́-Àrẹ ló ń kó lọ sí Ìbàdàn, bó bá sì ń bọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn tirẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn ọkọ̀. Á ti máa bá ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ jà láti ìkóríta, á máa kí àwọn ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bú ìjọba, á máa bú ọ̀nà, á sì máa pè mí kí n gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ borí rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa àfi èmi. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Àwọn tó ń gbé ìtòsí wa rò pé ìjà là ń jà, ṣùgbọ́n à ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni àtọ̀gbẹ dé. Egbò kékeré kan jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní kò séwu, ó ń wakọ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi gbà pé ewu wà, ẹsẹ̀ ti dúdú, àwọn dókítà sì gé e lábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n sọ fún wa pé àwọn fẹ́ gé o. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé wọ́n máa gé ahọ́n mọ́ ọn.

Nítorí pé nígbà tí a gbé e délé, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó sórí àga kan ní pálọ̀, ó kọjú sí ògiri. Bí mo bá ní, "Bàbá wọn, ṣé iyán lẹ máa jẹ ni àbí ẹ̀bà?" á ní, "Ẹn." Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ awakọ̀ bá wá kí i, tí wọ́n ń sọ fún un pé Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀, á ní, "Ẹn." Mo tan tẹlifíṣọ̀n fún un, kò wò ó. Mo bú u kó lè bú mi padà, ó ní, "Ẹn." Kò sí àbùkù tó tó kí obìnrin wá èébú gidi, èébú tó ti ń kó jọ látọjọ́ pípẹ́, kó sọ ọ́ jáde, kí wọ́n fi "ẹn" dá a lóhùn.

Ẹ̀rù bà mí. Mo máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi ìyẹn ṣe é. Mo ti rí àgbàlagbà kan tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nílé bàbá mi. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀, oúnjẹ ló tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tó fi gbogbo wa sílẹ̀. Ọkọ mi ti ń fi ààbọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ nínú abọ́ nígbà náà.

Ọmọ wa ọkùnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn ló wá fóònù pé òun kà á lórí fóònù òun pé ẹja wíwò máa ń mú ara àwọn aláìsàn balẹ̀. Mo ní ẹja jíjẹ ló ń mú ara tèmi balẹ̀, kó fi pánla ránṣẹ́. Ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Ìwé tí a fi gbogbo èrè iṣu rán an kà ló sọ ọ́ di ẹni tí kì í gbọ́ yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ṣé ẹ rí i, ó kó o dé. Ó háyà mọ́tò, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé àpótí dígí ńlá kan sẹ́yìn, ó wá gbé àwọn ẹja náà lé itan ara rẹ̀ nínú ọ̀rá, omi ìdajì, afẹ́fẹ́ ìdajì, láti Ìbàdàn gba Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Ó ní òun sọ fún dẹ́rẹ́bà kó rọra máa wọ kòtò. Èmi tí mo gbé oyún rẹ̀ olóṣù mẹ́sàn-án gba ọ̀nà yẹn kan náà, kò sẹ́ni tó bá mi bẹ dẹ́rẹ́bà kankan.

Nígbà tí a bu omi sínú àpótí tán, mo ní kó da ẹja sí i ká lè rí nǹkan mìíràn ṣe. Ó ní háà, wọn kì í dà á bẹ́ẹ̀. Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọ̀rá náà léfòó lórí omi, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè fara mọ́ ilé tuntun díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ jìnnìjìnnì lè pa wọ́n. Mo dúró, mo ń wo ọ̀rá tó léfòó lórí omi. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú èmi wá sílé ọkọ, wọn ò gbé mi léfòó lórí nǹkankan. Wọ́n bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ibi tí igi ìdáná wà hàn mí.

Ẹja mẹ́rin ni. Ọ̀kan dúdú, ojú rẹ̀ yọ síta bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ iye tí wọ́n ń ta epo mọ́tò. Ọ̀kan ní ẹran kan tó wú lé e lórí bí ẹni wé láwàní. Àwọn méjì yòókù pupa, ìrù wọn pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ bí ìró tí ẹni tó ró o ò ráyè so. Ikùn gbogbo wọn ṣe rọ̀bọ̀tọ̀ bíi ti alága káńsù. Ẹ sì wá gbọ́ eléyìí: wọn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n á máa ta gírígírí, wọ́n á máa fẹ̀gbẹ́ lu dígí. Mo bi ọmọ mi pé ẹja tí kò mọ omi í wẹ̀, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ láyé? Ó ní bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, ẹwà ni wọ́n ń bí wọn fún. Mo ní mo ti rí irú wọn rí ní ìdílé bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ò sọ nǹkankan. Ọmọ padà sí Ìbàdàn, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni márùn-ún tí kì í sọ̀rọ̀.

Ó ṣe díẹ̀, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn ní pálọ̀. Mo rò pé àlejò dé. Mo sáré bu omi tútù sínú ife, mo gbé e lé àwo, mo tún gèlè orí mi ṣe, mo wọlé. Kò sí àlejò. Ọkọ mi nìkan ló tẹ̀ síwájú lórí àga, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹja olójú-ńlá. Bó ti rí mi, ó dákẹ́, ó jókòó padà. Mo dúró síbẹ̀, mo mu omi àlejò náà fúnra mi.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ sọ fún mi látìgbà tí a ti ti ọsibítù dé ni pé, "Omi yìí ti ń dọ̀tí." Kì í ṣe ẹ kú iṣẹ́, kì í ṣe ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kí n kú. Síbẹ̀ inú mi dùn débi pé mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ sunkún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọ̀gá. Omi tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn nínú dúróòmù kó tó wọlé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kò gbọdọ̀ kú, bí iná bá lọ ká tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ tí a kì í tàn nígbà tí ooru ń pa èmi. Ó tún ní ẹja fẹ́ràn tanwíjí.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mí sí ọ̀rọ̀ tanwíjí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wolé-wolé bá wọ agbo ilé wa, tó yọjú sínú ìkòkò omi, tó rí tanwíjí tó ń jó nínú rẹ̀, ìyá mi á dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí wọ́n má baà mú un lọ sí kóòtù. A fi tanwíjí tọ́ mi dàgbà bí ohun ìtìjú. Èmi náà wá dàgbà tán, mo ń da omi sínú ìkòkò fífọ́, mo ń gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé fún ẹ̀fọn láti yé ẹyin sí, kí ọkọ mi lè máa pariwo láti pálọ̀ pé, "Ìyá wọn, tanwíjí dà?" Ẹ̀fọn jẹ gbogbo wa. Ibà ṣe mí. Àwọn ẹja sanra.

Mo jowú. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn: mo jowú ẹja. Lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, tó máa ń kí lórí àga, á yíjú sí wọn, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Kò bi èmi bóyá mo sùn. Á wá rẹ ohùn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gùn á bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ní ìdánudúró, tó ní ìmí ẹ̀dùn. Bí ìró sílípáàsì mi bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, á dákẹ́. Mo bọ́ sílípáàsì. Ọkùnrin tí mo máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀, ó gbọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi lórí sìmẹ́ńtì! Èmi sì fẹ́ mọ̀. Kí ni èèyàn ní tí yóò sọ fún ẹja tí kò ṣeé sọ fún ìyàwó rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Ó ń parí oúnjẹ rẹ̀. Ó tilẹ̀ bú ọbẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan pé iyọ̀ pọ̀ jù, mo sì fi gbogbo ọjọ́ náà rìn bí ìyàwó tuntun. Nítorí náà mo ń tọ́jú ẹja. Bí wọ́n bá ní kí n máa fi oyin fọ ìrù wọn, ǹ bá fọ̀ ọ́, ǹ bá kàn máa kùn ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Ẹni tó bá mọ Ṣakí mọ ohun tí mò ń sọ. Orí àpáta la kọ́lé sí. Bí òjò bá ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Okùn á gùn títí, ohun tí korobá á gbé wá sókè á dín kù, títí tó fi máa jẹ́ ẹrẹ̀ lásán. A wá ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tó ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri lórí ọmọlanke. Omi odò ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n bu kòkó sí. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí à ń ṣe sí irú omi bẹ́ẹ̀: a ó fọ́ álọ́ọ̀mù sí ọwọ́, a ó fi rò ó nínú dúróòmù, a ó fi í sílẹ̀. Ìdọ̀tí á lọ sísàlẹ̀, omi á tòrò lókè, a ó máa rọra bu ú. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí àwọn ìyá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọmọ wa ti sọ ọ́ lórí fóònù pé wọn ò gbọdọ̀ fi álọ́ọ̀mù kan ẹja, ó máa ń pa wọ́n. Nítorí náà omi mẹ́ruwà la ń bù sí i bó ṣe wà, àpótí dígí náà sì di pupa rúsúrúsú. A kì í rí ẹja mọ́ àfi bí wọ́n bá wá fi ẹnu kan dígí. Ọkọ mi ò bìkítà. Ó ní wọ́n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Èmi ń fi igbá kékeré kan wẹ̀, mò ń fi omi tí mo fi fọ ẹ̀wà fọ ilẹ̀. Àwọn alága káńsù ń gbé nínú omi tó tó agbo ilé kan wẹ̀.

Àkókò yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti Komu. Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí obìnrin yìí jẹ́. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ò tíì já lẹ́nu ọmú, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n. Ó pọ̀n ọ́n lọ sóko, ó pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà, ó tilẹ̀ kọ ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ nítorí pé ọkùnrin náà ní òun ò lè fẹ́ ìyàwó tó ti ní ọmọ lẹ́yìn. Títí di òní, "Ìyá mi" ni ọkọ mi ń pè é, àgbàlagbà onírùngbọ̀n yìí. Ohùn tó fi ń bá gbogbo ayé jà, kò gbé e sókè sí i rí.

Ó gbé èlùbọ́ wá, ó gbé wàrà wá. Ó wọ pálọ̀, ó rí àpótí dígí. Òun nìkan ni àlejò tí kò béèrè ọjọ́ tí a máa jẹ ẹ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Àbúrò mi, nǹkan ẹlẹ́mìí lẹ fi sínú ẹrẹ̀ báyìí?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sóhun tó ń ṣe wọ́n, Ìyá mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn wọn fún un, èyí tó jẹ wọ̀bìà, èyí tó jẹ ọ̀lẹ, bí oníláwàní ṣe máa ń gbá àwọn yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí oúnjẹ bá dé. Mo wà nídìí ààrò, mò ń gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ kí ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ní ẹsẹ̀ méjì.

Ẹ̀gbọ́n tọ̀ mí wá sí ibi ìdáná. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé nǹkan yẹn ló mú kí àbúrò mi máa fọhùn?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá wa. Àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ká yáa máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Ọjọ́ tí ọkọ mi máa lọ fi ara han dókítà kò jìnnà sí ìgbà náà. A gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá, a fi ẹ̀gbọ́n sílé kó máa bá wa wo ilé. Ní ọsibítù, ọkọ mi jókòó sáàárín àwọn tó ń dúró de dókítà, ó ń ṣàlàyé ẹja fún wọn. Ó fi ìka fa ojú ara rẹ̀ méjèèjì síta láti fi hàn wọ́n bí ti ẹja dúdú ṣe rí. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn kọjá àlà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ó ti bọ́, Ọlọ́run ṣé, ọkùnrin yìí ò ní kú mọ́.

A délé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti gbálẹ̀. Oòrùn wọ pálọ̀, ó kan àpótí dígí, omi inú rẹ̀ sì tòrò. Ó tòrò débi pé mò ń ti inú rẹ̀ ka ọjọ́ lára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lẹ́yìn. Ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sí ìsàlẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìrù wọn tẹ́ rẹrẹ.

Ẹ̀gbọ́n dìde lórí ẹní, ayọ̀ ló kún ojú rẹ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe tòrò! Àṣé bí wọ́n ṣe lẹ́wà tó nìyí! Álọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ fi sí i ò tó, mo tún fọ́ òmíràn sí i. Ara tù wọ́n, àbúrò mi. Láti ìgbà tí mo ti rò ó tán ni wọ́n ti sùn."

Ẹnu mi ti ṣí. Ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, ẹni tó pọn ọkọ mi lẹ́yìn ló wà níwájú mi, mo sì pa ẹnu náà dé. Mo wo ọkọ mi. Mo ń retí kí ilé wó. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó so tapólì láìfún un pọ̀ dáadáa lásán, ọkùnrin yìí lé e sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ kó pariwo. Mo ń gbàdúrà lábẹ́ ètè mi pé kó pariwo.

Ó fara ti ọ̀pá méjèèjì abẹ́ abíyá rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ omi náà.

"Ó tòrò lóòótọ́, Ìyá mi," ó ní. "Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́."

"Kí lẹ fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀?" ẹ̀gbọ́n ní. "Ẹ̀yin kàn ń wò wọ́n nínú ẹrẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó jókòó sórí àga rẹ̀. Ó jẹ èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bù fún un nínú wàrà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n di ẹrù rẹ̀ láti padà sí Komu. Ó wúre fún wa, ó wúre fún àwọn ẹja, ó ní kí wọ́n máa sùn, oorun ló ń mú ẹ̀dá sanra. Ó wá pa á láṣẹ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Máa fi sí i déédéé o, ìyàwó. Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní ò mọ ìtọ́jú." Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, Ìyá wa. Títí di òní kò mọ̀. Bó bá fóònù, á béèrè wọn, a ó sì ní wọ́n ń kí i. Kò mọ̀wé kà, àlùhámúdùlílàhì.

Asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ ògì ni mo fi kó wọn jáde. Obìnrin tó ń dín ẹja tà ní ojúlé kejì rí mi bí mo ṣe ń gbẹ́lẹ̀ nídìí máńgòrò. Ó bẹ̀ mí pé kí n má fi ẹja ṣòfò báyẹn, kí n gbé wọn wá kí òun bá mi dín wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ní èsì tó dáa fún un. Mo kàn ń bu erùpẹ̀ lé wọn ni.

"Ẹn" padà dé. Ó tilẹ̀ dé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ọkọ mi, mo gbé e kúrò bí mo ṣe gbé e wá. Ó ń wo omi tó tòrò tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n da omi náà nù. Mo fóònù sí ọmọ wa, ó ní òun máa ra òmíràn, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ló wà níta, wọ́n lè kú sójú ọ̀nà, kí n ní sùúrù kí ọyẹ́ lọ. Mo ní ṣé kí n wá sọ fún bàbá rẹ̀ kó ní sùúrù, kó má tíì kú títí ọyẹ́ yóò fi lọ? Mo pa fóònù, mo sì rí i pé kò sí ẹlòmíràn tí mo tún máa pè.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe rí i pé kò fọwọ́ kan ògì tí mo gbé fún un, mo gbé àpótí ìjókòó tí mo fi ń dáná wá láti ẹ̀yìn. Mo gbé e sáàárín òun àti dígí náà gan-an, mo jókòó lé e, mo kọjú sí i. Kò ní rí omi mọ́ àfi kó wo èmi.

"Bàbá wọn," mo ní, "ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sún àpótí mi sí ẹ̀gbẹ́ náà.

"Ohun tí ẹ máa ń bá wọn sọ. Ojú tèmi ò yọ síta, mi ò sì wé láwàní. Ṣùgbọ́n mo létí méjì, ẹja ò ní ẹyọ kan."

Ó wò mí. Mo rò pé "ẹn" náà ló ń bọ̀.

"Ìwọ?" ó ní. "Ìwọ á fèsì."

Èsì tí mo ní sí ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fún mi lọ́rùn. Mo fẹ́ bi í pé èsì wo ni mo máa ń fọ̀? Mo fẹ́ ní mi ò ní fèsì, mo sì rí i pé èsì náà nìyẹn. Nítorí náà mo jókòó, mo di ètè pọ̀, mo ń mí láti imú. Ewúrẹ́ ń dún níta. Ẹnìkan kí wa láti ojú fèrèsé, mi ò dá a lóhùn, ó kọjá lọ. Ọkọ mi ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó dànù.

Nígbà tó rí i pé kò dànù, ó wo ilẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé yẹn," ó ní, "ó ń dùn mí, Ìyá wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta mí, ọmọ ìka rẹ̀ ń ká kò, mi ò lè nà án. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo máa ń wò ó, mi ò rí i, ó ń dùn mí. Bí mo bá sọ ọ́ fún yín, ẹ ó ní orí mi ti dàrú."

Èsì mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi, gbogbo wọn ló dáa. Mo gbé wọn mì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀, níbi tí sòkòtò rẹ̀ ti pin. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí ibi tí ẹsẹ̀ náà ìbá wà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fọwọ́ ra afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

"Sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i," ó ní.